Ẹnì Kan Wà Lọ́dọ̀ Lois

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Festac nípa olóògbé Adéjùwọ́n, ọ̀rọ̀ àga ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ńlá méjì bọ́ sí aago kan náà. Ẹ̀gbọ́n Adéjùwọ́n ti fẹsẹ̀ rìn láti ilé rẹ̀ dé ilé ọtí Richard ní Apple Junction. Láti àárọ̀ ló ti ń fọkàn sí ìgò bíà tútù kan àti ẹja sísun. Richard pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kò sí sítì. Ẹ dúró díẹ̀."

"Díẹ̀ wo? Ìṣẹ́jú mélòó ló wà nínú díẹ̀ tìẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, díẹ̀ ṣá."

Ẹ̀gbọ́n dúró fún ìṣẹ́jú méjìlélógójì. A mọ iye rẹ̀ nítorí pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú kẹtàlélógójì, ó yí padà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun, ó lọ. Gbogbo ènìyàn rò pé ó bínú lọ ni. Kò pẹ́ tí wọ́n tún rí i tó ń bọ̀ lójú títì, ó ru àga ìjẹun ilé rẹ̀ sórí, àga onígi tí wọ́n fi aṣọ pupa bo ìjókòó rẹ̀, ó sì ń juwọ́ sí àwọn ọlọ́kọ̀ pé kí wọ́n yà fún òun. Ó gbé àga náà kalẹ̀ sí àárín ilé ọtí, ó fi áńkáṣíìfù nù ún, ó sì jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbé wá yìí?"

"O ní o ò ní àga. Èmi ní."

Richard wo àga, ó wo Ẹ̀gbọ́n. "Kò burú. Tábìlì ńkọ́? Orí kí ni kí n gbé ẹja lé?"

Ìyẹn náà kò tó ohun tí yóò dá Ẹ̀gbọ́n dúró. Ó tún padà sílé, ó sọ tẹlifísọ̀n kalẹ̀ lórí tábìlì kékeré tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé e lé, ó gbé tábìlì ọ̀hún, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìgbà tí yóò fi dé, ọkùnrin kan ti jókòó gẹlẹtẹ sórí àga pupa náà, ó ń ya ẹja jẹ.

"Ọ̀gá, àga mi nìyẹn."

Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe sùúrù, mo ti fẹ́ parí. Ẹ bá mi sún tábìlì yẹn mọ́ ibí, jọ̀ọ́."

Bí Adéjùwọ́n ṣe tún dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún nìyẹn, lẹ́yìn àga ara rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ara rẹ̀, títí tí ẹni ẹlẹ́ni fi jẹ ẹja tán.

Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rín káàkiri Amuwo, ṣùgbọ́n kò pa Ẹ̀gbọ́n lẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ka kọ̀ǹténà ní èbúté kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ti rí ọkọ̀ tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tò kí wọ́n tó já ẹrù rẹ̀ kò tún fẹ́ tò mọ́ láyé rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, Láídé.

"Láídé, ká ní mo ti mọ̀ látilé pé ibẹ̀ kún, ṣé mo máa lọ?"

"Ẹ ò ní lọ. Mi ò bá sì rí nǹkan gbé tẹlifísọ̀n mi lé."

 Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n ní kí Ìmísí, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, bá òun dá gúrúùpù kan sílẹ̀ lórí Wásáàpù. Orúkọ tí ó sọ ọ́ ni Ààyè Wà. Láti ìgbà náà, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, Ẹ̀gbọ́n á gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, á máa yí ká ilé ọtí Festac àti Amuwo. Tí aago márùn-ún bá sì lù géérégé, ìròyìn á wọlé sórí fóònù igba ènìyàn ó lé. Báyìí ló máa ń kọ ọ́: "Richard, Apple Junction: ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àga méjì ló ṣẹ́kù, ẹsẹ̀ ọ̀kan ti yẹ̀."

Ara tu àwọn ènìyàn gan-an. Ẹ bi Akọ́ládé aránṣọ léèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó mú bàbá ìyàwó rẹ̀ jáde, wákàtí kan gbáko ni àgbà náà fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, wọn ò sì gbọ́ ohun tí ara wọn ń sọ. Ìgbà kejì, Akọ́ládé kọ́kọ́ wo ìròyìn Ẹ̀gbọ́n kí wọ́n tó kúrò nílé. Ó ní kí òun tó kí àna òun tán, àna ti jókòó, ìgò ti wà níwájú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an ni òun di ọkọ ọmọ wọn.

Ẹ̀gbọ́n kì í wọ inú ilé ọtí nígbà tó bá ń ka èrò. Ó ní tí òun bá wọlé, wọ́n á ní kí òun jókòó, ìròyìn á sì pẹ́. Níbi tí ògiri bá ti ga, ẹja ló fi ń ka ènìyàn. Àwọn tó ń ta ẹja àrọ̀ máa ń gbé àgbá tí ẹja ń wẹ̀ nínú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí oníbàárà lè tọ́ka sí èyí tó wù ú. Ìṣirò Ẹ̀gbọ́n kò ju báyìí lọ: tábìlì kan, ẹja kan. Bí ẹja bá ṣe ń dín nínú àgbá, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń pọ̀ nínú ilé.

Richard gbọ́ àṣírí yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ilé ọtí rẹ̀ kún fọ́fọ́, ó da ogún ẹja sínú àgbá, kí Ẹ̀gbọ́n lè kọ ọ́ pé ààyè wà, kí àwọn èèyàn lè túbọ̀ máa wá. Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àgbá, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Richard, àwọn ẹja yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Háà, Ẹ̀gbọ́n! Àtàárọ̀ ni wọ́n ti wà níbẹ̀ o!"

"Irọ́ lo pa. Wò wọ́n bí wọ́n ṣe kó ara wọn jọ sí igun kan. Wọn ò tíì mojú ilé. Àwọn onílé nìwọ̀nyí, àwọn mẹ́ta tó na ara sílẹ̀ yìí."

Ìròyìn ọjọ́ náà lọ báyìí: "Richard, Apple Junction: ẹja onílé mẹ́ta, àlejò ogún. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Richard kò dán irú ẹ̀ wò mọ́.

Ibì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rere yìí ti fẹ́ ba nǹkan jẹ́, ọ̀dọ̀ Lois ni. Opó ni Lois. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló ṣí ilé ọtí kékeré kan sí Kuje, níbí ní Amuwo, àga méjìlá péré, ohun kan ṣoṣo tó sì kù tó ń jẹ́ tirẹ̀ láyé nìyẹn. Àlàájì Múrítàlá, ọmọ onílẹ̀ ní Kuje, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Àlàájì kì í fẹnu kan ọtí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé pẹ́pẹ́ súùpù ewúrẹ́ síwájú wọn, ọ̀rọ̀ di tọkàntọkàn, ìdí nìyẹn tí àwọn náà fi wà nínú gúrúùpù. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ti ń bẹ Àlàájì pé kí wọ́n fún òun ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, kí òun máa kó ọjà sí i. Àlàájì sì ti bá Lois sọ ọ́.

"Lois, mi ò lé ẹ o. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ò wọ̀, kí lo fẹ́ máa fi ṣe? Tí nǹkan ò bá yàtọ̀ kí oṣù yìí tó parí, mo máa gbé e fún ọkùnrin yẹn."

Ẹ̀gbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Ọjọ́ mẹ́ta léraléra ló kọ ọ́ pé: "Lois, Kuje: òdo. Àga méjìlá wà." Lójú tirẹ̀, ìròyìn ayọ̀ gbáà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ibi tí kò bá ti sí ẹnì kankan, ọbẹ̀ ibẹ̀ la máa ń fura sí. Àwọn tó ti fẹ́ yà síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an ò yà mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, Lois gba ilé Ẹ̀gbọ́n lọ, fóònù lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Kí ló dé, Lois? Àga méjìlá! Ta ló ní irú ẹ̀ ní gbogbo Amuwo yìí? Mo ń polówó rẹ ni."

"Ìpolówó kẹ̀? Ẹ ń sọ fún gbogbo ayé pé mi ò ní kọ́sítọ́mà! Àlàájì ń kà á! Wọ́n fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ márùn-ún. Ẹ kọ mẹ́ta pàápàá, ẹ dákun."

Ẹ̀gbọ́n mi orí. "Lois, mi ò lè kọ mẹ́ta síbi tí òdo wà. Gbogbo ọdún tí mo fi ka kọ̀ǹténà, mi ò fi ẹyọ kan lé e rí, mi ò fi ẹyọ kan dín in."

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀ nígbà náà."

"Tí mo bá yọ ọ́, wọ́n á ní o ti kógbá sílé."

Lois bú sẹ́kún. Láídé bu omi fún un, ó sì ń fi igun ojú wo ọkọ rẹ̀.  Ẹ̀gbọ́n kàn ń ṣí ìwé kékeré tó fi ń kọ iye, ó ń pa á dé. Òótọ́ ni pé ọkùnrin yìí lágídí, ṣùgbọ́n kò lè fara da ẹkún rárá.

Ní ọjọ́ kejì, aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, Ẹ̀gbọ́n fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri Lois, ó wọlé, ó sì lọ jókòó sí àárín gbùngbùn. Ó béèrè mọ́ọ̀tì kan àti pẹ́pẹ́ súùpù. Lois kí i, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò tíì yọ́. Nígbà tí aago márùn-ún lù, fóònù Lois dún. Ó wò ó. "Lois, Kuje: ẹnì kan. Àga mọ́kànlá wà."

Lois wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni ẹnì kan?"

"Èmi ni. Gbé súùpù wá, mi ò fẹ́ràn kí n máa dúró."

Láti ọjọ́ náà, òdo ò tún sí lórúkọ Lois mọ́. Bí òjò ń rọ̀, Ẹ̀gbọ́n á fi ọ̀rá borí, á lọ jókòó, á di ẹnì kan. Nígbà kan tí ibà dá a wó, ó wọ súwẹ́tà méjì, ó lọ di ẹnì kan pẹ̀lú eyín tó ń lu ara wọn. Kò parọ́, kò sì jẹ́ kí ojú ti opó.

Kò pẹ́ tí olófòófó kan fi tó Láídé létí pé ọkọ rẹ̀ ń jókòó ti opó kan ní Kuje ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Láídé ò dúró gbọ́ ìparí. Ó wọ Márúwá, ó já wọ ilé ọtí náà, gèlè ti fẹ́ já lórí rẹ̀.

"Bàbá Ìmísí! Ibí lẹ ń wá!"

"Láídé, jókòó ná."

"Mi ò jókòó!"

"Jọ̀ọ́, jókòó. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méjì."

Láídé jókòó kí ó lè rójú ráyè jà dáadáa. Bí ó ti ń jà lọ́wọ́, ọkọ rẹ̀ tẹ fóònù: "Lois, Kuje: ẹni méjì." Nígbà tí Lois gbé abọ́ kan síwájú rẹ̀, Láídé tọ́ ọ wò. Ó ní ìyókù ìjà di ilé. Nígbà tí wọ́n délé, ó ti gbàgbé ibi tí ó bá a dé.

Ẹni méjì yẹn ló ṣí ọ̀nà. Àwọn ará gúrúùpù bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta ni ẹnì kan tí kì í kúrò lọ́dọ̀ Lois yìí, kí ló sì ń jẹ níbẹ̀. Akọ́ládé lọ wò ó, ó padà wá mú àna rẹ̀ lọ. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti di méje. Àlàájì Múrítàlá fúnra wọn wá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jẹ abọ́ súùpù méjì, wọ́n sì ní kí ọlọ́jà mọ́tò lọ wá ibòmíràn ní ọdún yẹn. Ọkàn Lois balẹ̀. Ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere.

Ọdún kan ni Àlàájì sọ o, ọdún kan ọdún kan ni wọ́n sì ń fún un. Ọlọ́jà mọ́tò ò sì jáwọ́. Ilé ọtí Lois náà ò kún rí. Mẹ́sàn-án ni iye tó pọ̀ jù tí Ẹ̀gbọ́n kọ síbẹ̀ láyé rẹ̀, ọjọ́ tó sì kọ ọ́, ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà òjò tó kọjá yìí ni Ẹ̀gbọ́n Adéjùwọ́n ṣàìsàn. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ka àwọn tó wà níwájú rẹ̀, ó sì sọ fún ìyá kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé kí ó gba ti òdìkejì títì lọ, ẹni mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lórí ibùsùn. Láídé ní ẹni tí kì í fẹ́ kí ènìyàn dúró ni, kò sì jẹ́ kí àwọn dúró pẹ́.

Wọ́n sin ín. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ìròyìn kankan ò wọlé sórí Ààyè Wà. Àwọn tó ń lọ sọ́dọ̀ Lois ò lọ mọ́, nítorí wọn ò mọ ojú tí wọ́n máa fi wo ibi tí Ẹ̀gbọ́n ń jókòó sí. Ọdún ti ṣọ́ọ̀bù sì ti pé. Àlàájì ní ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ní Ọjọ́bọ̀, Lois pe Ìmísí lórí fóònù.

"Ìmísí, mo gbọ́ pé o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìròyìn bàbá ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lọ́la ni."

"Jọ̀ọ́, má tíì kọ tèmi. Òdo ni láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sì mọ̀ pé o ò ní parọ́, bàbá ẹ ló bí ẹ."

Ìmísí ò wọ ilé ọtí rí láyé rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àmọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó mú ìwé kékeré bàbá rẹ̀, ó sì kọrí sí Kuje láti lọ di ẹnì kan.

Láti ìta ló ti ń gbọ́ ariwo. Nígbà tó yọjú, àga méjèèjìlá ti kún. Akọ́ládé wà níbẹ̀. Richard náà wà níbẹ̀, ẹni tó ní ilé ọtí tirẹ̀. Ní igun, Àlàájì Múrítàlá ṣí fìlà sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ abọ́.

"Bọ̀dá Akọ́ládé, kí lẹ wá ṣe níbí?"

Ojú ti Akọ́ládé díẹ̀. "Mo ní kí n wá jẹ́ ẹnì kan ni. Mo rò pé kò ní sí ẹlòmíì."

"Ohun tí èmi náà bá wá nìyẹn," ni Richard wí.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, títí ó fi kan Àlàájì. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Lois jáde láti ẹ̀yìn, tíréè lọ́wọ́, omi lójú.

"Ìmísí, ọmọ mi, má bínú. Kò sí sítì. Dúró díẹ̀."

Ìmísí wo àwọn tó jókòó yí ká, ó sì pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. "Màámi, àga pupa yẹn dà?" Láídé ò béèrè ìdí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Márúwá kan dúró síwájú ilé, wọ́n so àga pupa mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Láídé sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbé tábìlì tẹlifísọ̀n dání.

"Ẹ gbé tábìlì wá náà, Màámi?"

"Ẹni tó gbé àga nìkan wá, ṣebí a mọ ìyà tó jẹ wọ́n."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Richard rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ẹ̀rín tán, omi ò dá, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè.

Aago márùn-ún kù díẹ̀. Ìmísí fi ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga pupa, ó bọ́ sí ìta, ó kà wọ́n láti ojú fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó sì tẹ fóònù. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo fóònù inú ilé dún: "Lois, Kuje: ẹni mẹ́rìnlá. Ọ̀kan wà ní ìdúró. Àga ti tán, ẹni tó bá ń bọ̀ kó gbé tirẹ̀ dání."

Àlàájì Múrítàlá wọ awò ojú, wọ́n kà á, wọ́n sì tún un kà. "Lois," ni wọ́n wí, "ọ̀rọ̀ ọlọ́jà mọ́tò ti tán pátápátá. Mi ò tún fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Bu súùpù sí i fún mi."

Lois jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó mí kanlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Àwọn méjì dìde pé kí Ìmísí wá gba àga àwọn, ó ní rárá, kí wọ́n jẹun wọn tán. Ó padà wọlé, ó fara ti àga pupa tí bàbá rẹ̀ rù kọjá títì lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ìyá rẹ̀, ó sì dúró. Ó dúró pẹ́. Kò kọ iye ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀.